Ọjọ́ Méjì ní Ọ̀wọ̀: Ta Lẹ Wá Kí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ tó gbé nọ́ńbà Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá máa ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ wọ Ọ̀wọ̀. Òkú àgbà ló ń gbé wọn bọ̀, tàbí ìgbéyàwó, tàbí oyè jíjẹ. Wọ́n á sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wọ aṣọ ẹbí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á ná owó fún onílù, wọ́n á tún sùn. Bí ìsìn ìdúpẹ́ bá ti parí lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á di ẹrù sínú búùtù, ó di Àkúrẹ́. Òru méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Bí ará London bá lọ lo irú àkókò yẹn ní Bruges tàbí ní Venice, ìsinmi ló lọ. Èyí tiwa, òde la lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó sábà máa ń fi ẹ̀dùn ọkàn bẹ̀rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wá. Wọ́n ń wá o. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Ọ̀wọ̀ kì í jẹ afẹ́fẹ́. Ohun tó yẹ ká wádìí ni bí èèyàn ṣe lè wá sí ìlú kan léraléra, kó jó, kó yó, kó sì padà lọ láìmọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ààfin tó tóbi jù lọ nílẹ̀ Yorùbá wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ná an lówó. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀, kì í sì í ṣe àìsí ohun àwòṣífìlà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tó sọ irú ìrìn kúkúrú yìí di òwò. Ọkọ̀ ojú irin ló sọ àwọn ìlú etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ibi ìgbafẹ́ fún mẹ̀kúnnù. Ọdún 1841 ni irin láti London dé Brighton. Lọ́dún 1871, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣòfin ọjọ́ ìsinmi báńkì, òṣìṣẹ́ wá rí ọjọ́ kan tí kò ní lọ síbi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a wí. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Yúróòpù tú òfin tó de àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, Ryanair fò, easyJet fò, ó sì ṣeé ṣe fún akọ̀wé kékeré láti wọ báàlù lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kó sì ti dé ilé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú àti ọjọ́ ìsinmi: ohun méjì yìí ló ṣe é. Ìlú wọn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí èrò wá dé, àwọn ìlú náà ṣe ìwọ̀nba nǹkan tí kò tóbi rárá. York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní odi àtijọ́ tó ju kìlómítà mẹ́ta lọ, èèyàn lè gun orí rẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n kọ ìtàn ẹnubodè kọ̀ọ̀kan sára pátákó. Wọ́n kọ wákàtí tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì ń ṣí i ní wákàtí náà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ẹni tó ń ta tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi àlejò léèrè pé ọmọ ta ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbowó, ó san owó, wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ó wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ló dúró fún ìbátan.

Àṣejù wá bá a nísinsìnyí, ìyẹn la gbọ́dọ̀ sọ kó má dà bíi pé ọ̀run ni mo ń júwe. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Venice bẹ̀rẹ̀ sí í gba Yúrò márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó bá wá wòran tí kò ní sùn mọ́jú, láwọn ọjọ́ tí èrò ń pọ̀ jù. Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn ará Barcelona kan da ìbọn omi tí ọmọdé fi ń ṣeré kọ àwọn àlejò tó jókòó síbi oúnjẹ, pé kí wọ́n máa lọ sílé wọn torí owó ilé ti wọ́n ju agbára onílé lọ. Àìsàn ọ̀pọ̀ ni ti wọn. Tiwa kò tíì dé ibẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bìrìtìkó ti mọ àṣà náà dunjú. Ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ń gba bọ́ọ̀sì ńlá lọ sí Southend tàbí Brighton lákòókò ìsinmi oṣù Kẹjọ, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, ẹran díndín àti àwọn ìyá tí kò jẹ́ fẹsẹ̀ kan omi òkun torí òtútù. Ẹni tó wà ní Ọ̀wọ̀ gan-an, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, Yúrò 90 ni owó fíìsà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ fún un. Kó tó san án, yóò ti kó ìwé báńkì oṣù bíi mélòó kan jọ, ìwé láti ibi iṣẹ́, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì, ìwé pé òun yóò padà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ ni yóò lọ wò lọ́hùn-ún.

Mi ò ṣàwàdà. Àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ eyín erin tí àwọn agbẹ́gilére Ọ̀wọ̀ gbẹ́ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún síwájú wà ní British Museum ní London. Metropolitan Museum ní New York ní tiwọn. Àwọn onímọ̀ gbà pé iṣẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀ dára débi pé ààfin Benin lo àwọn oníṣẹ́ ọnà láti Ọ̀wọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro nígbà mìíràn láti sọ pé ìlú wo ni wọ́n ti gbẹ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí mo ń wí, láti ara eyín erin kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gbẹ́ òmíràn ní ìpele méjì tó wọnú ara wọn, èyí tó wà nínú lè yí nínú èyí tó wà lóde, síbẹ̀ wọn ò ṣeé yà. Ẹni tó bá rí i kò ní béèrè mọ́ bóyá àwọn àgbà mọ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ère amọ̀ Ìgbó Laja tún ju ìyẹn lọ. Nínú Ọ̀wọ̀ níbẹ̀ ni ilẹ̀ náà wà, ibi ọ̀wọ̀ ni látijọ́, ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, olorì tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá, sì kàn án. Ní nǹkan bí ọdún 1970, Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nígbà náà, gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Orí ènìyàn tí wọ́n fi amọ̀ mọ ni wọ́n ń hú jáde, àti apá, àti ẹsẹ̀, àti ẹranko. Ẹkùn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Apẹ̀rẹ̀ kan wà tó kún fún orí tí wọ́n gé. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti mọ wọ́n. Ojú àwọn ère kan jọ ti Ilé-Ifẹ̀ gan-an, àwọn nǹkan mìíràn lára wọn sì ń tọ́ka sí Benin. Títí di ìgbà náà, àwọn òǹkọ̀wé máa ń to ìtàn iṣẹ́ ọnà wa bíi pé Ifẹ̀ kan ló wà, Benin kan ló sì tẹ̀ lé e. Ọ̀wọ̀ wá dúró sáàárín wọn, pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, pẹ̀lú ìwà líle tirẹ̀: ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn kì í ṣe ohun tí èèyàn máa rí láàárín àwọn orí Ifẹ̀ tó tutù minimini.

Lọ́dún 1980, díẹ̀ lára àwọn ère yìí bá àfihàn ńlá kan lọ sí Detroit ní Amẹ́ríkà. Ó yí ká, ó sì dé Royal Academy ní London lọ́dún 1982. Ère Ìgbó Laja ti wo àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ òyìnbó yó kí ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀wọ̀ tó gba ìwé ìrìnnà. Nílé, tí ẹ bá dúró sí gáréèjì Ọ̀wọ̀ kí ẹ béèrè Ìgbó Laja lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ẹ máa ṣàlàyé fún un díẹ̀.

Ààfin ni orí gbogbo rẹ̀. Aghọ̀fẹn ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú ìró tí ẹni Ìbàdàn kì í lè pè dáadáa. Ìtàn sọ pé ó ní ùgha, ìyẹn àgbàlá, tó tó ọgọ́rùn-ún látijọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀ àti òrìṣà tirẹ̀. Nígbà tí G. J. Afọlábí Òjó tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ààfin Yorùbá jáde lọ́dún 1966, ti Ọ̀wọ̀ ló tóbi jù nínú èyí tó wọ̀n: ilẹ̀ rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún éékà lọ. Àwọn ùgha kan wà tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun tàbí àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ wọn. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ère: ọba lórí ẹṣin, tàbí ọba pẹ̀lú olorì àgbà. Púpọ̀ nínú ùgha yẹn kò sí mọ́. Èyí tó kù ṣì tó láti mú kí èèyàn rìn fún wákàtí kan kó má tíì mọ ibi tó kọjú sí. Ìjọba àpapọ̀ ti kà á mọ́ àwọn ibi ìrántí orílẹ̀-èdè.

Mùsíọ́ọ̀mù Ọ̀wọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1968 láti tọ́jú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti ààfin wá, wà lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ibi ìrántí. Ohun tí mo fẹ́ kí àlejò mọ̀ kó tó wọ irú ibẹ̀ ni pé àwọn nǹkan kan ṣì ní ìlò nílùú. Orí àgbò onígi tí wọ́n ń pè ní ọ̀sánmásìnmi, ojúbọ àwọn baba ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀wù orùfanràn, aṣọ pupa tí wọ́n fi eyín erin ṣọ̀ṣọ́ sí, àwọn ìjòyè ló ń wọ̀ ọ́. Ohun tí York fi gíláàsì bò torí pé ẹni tó ni ín ti kú tipẹ́, ní Ọ̀wọ̀ ó ṣeé ṣe kí ẹ bá irú rẹ̀ lọ́rùn èèyàn lójú títì.

Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti hàn jù ni ọdún Ìgogo. Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi ń ṣe é, nínú oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ni wọ́n ń rántí, ìyàwó Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n tó jẹ́ Ọlọ́wọ̀, ìyẹn ọba Ọ̀wọ̀, nígbà kan. Obìnrin ẹlẹ́wà tó mú ọrọ̀ wọlé ọkọ, tí ó sì ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn kò gbọ́dọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀, ẹni tó bá ti oko igi dé kò gbọ́dọ̀ sọ ẹrù igi sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ọba fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ìyàwó yòókù lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e nínú ilé olórogún. Ọjọ́ tí ọba kò sí nílé, wọ́n ṣe gbogbo èèwọ̀ náà lójú rẹ̀. Ó sá lọ, wọn kò rí i mú padà. Gèlè rẹ̀ ni wọ́n rí.

Torí náà, nígbà Ìgogo, obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà. Wọn kì í lu ìlù. Agogo ni wọ́n ń lù. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ yóò di irun bí obìnrin, yóò wọ aṣọ tó kún fún iyùn, yóò sì jó yí ìlú ká. Àwọn ìjòyè àdúgbò Ìlọ́rọ̀ ló ń fi ìwọ́de tí wọ́n ń pè ní Ùpèlì ṣíde ọdún náà. Iṣu tuntun náà wà nínú rẹ̀. Ọlọ́wọ̀ tó wà lórí ìtẹ́ báyìí, Ọba Àjíbádé Gbádégẹṣin Ògúnoyè Kẹta, gorí ìtẹ́ lọ́dún 2019.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Ìlú tó ń fi òkú àgbà àti ìgbéyàwó gba àlejò láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kò ní ìlù fún ọjọ́ 17. Òde tí kò ní ìlù àti gèlè, ta ni yóò ṣe é? Àwọn aláṣọ ẹbí á mú ọjọ́ mìíràn. Àkókò tí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ṣófo yìí gan-an ló jẹ́ pé ohun tí kò sí níbòmíràn láyé ń ṣẹlẹ̀ lójú títì. Ká ní Bruges ló ní Ìgogo ni, ẹni tí kò bá ti gba yàrá láti oṣù Kejì kò ní rí ibi sùn.

Mi ò fẹ́ kí ó dà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Bí èèyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá bá gbé fóònù sókè níwájú ọba, a ò ní mọ ẹni tó ń ṣọdún mọ́. Ṣùgbọ́n láti orí òfo dé orí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, àyè pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ojú abẹ níkòó. Ká ní ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀, tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí òkú kò gbé wá, sọ̀kalẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan tó fẹ́ wo ìlú. Ó dé iwájú ààfin. Àwọn ẹmẹ̀wà ọba kí i dáadáa, torí ẹlẹ́yinjú àánú ni wọ́n. “Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ wá kí?” Kò wá kí ẹnikẹ́ni. “Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo kàn ní kí n wá wo ààfin ni.” Ẹ ó rí i pé ojú yí padà díẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa fi í sí ni. Ká ní ó sọ pé ọ̀rẹ́ ọmọ báyìí-báyìí ni òun, ó ti parí, wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á gbé omi wá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún fún un ní ọmọ tí yóò mú un kiri. Àlejò tó ní onílé ni àṣà wa mọ̀. Èyí tí kò ní onílé, tó kàn wá wòran, a ò tíì ní àga fún un.

Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìfura yẹn ní ìdí tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a wí. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀ nígbà ìsìn, èèyàn tó tó ogójì ó kéré tán ló kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Ẹni tí ìlú rẹ̀ bá ti rí irú ìyẹn ní ẹ̀tọ́ láti wo àjèjì lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà tí àjèjì yóò gbà fi ara rẹ̀ hàn, tí ìlú náà yóò sì fi mọ ẹni tó wọlé: tábìlì kan, ìwé kan tó máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí, owó tó mọ níwọ̀n, ọmọ ìlú kan tó mọ ìtàn tó máa mú un rìn. Ààbò ni, òwò sì ni. Tábìlì yẹn kò gbówó lórí tó àpò símẹ́ǹtì mélòó kan, ṣùgbọ́n àwọn ìjọba wa, èyí tó ti lọ àti èyí tó wà, ibi ìgbafẹ́ ńlá tí òṣèlú yóò gé tẹ́ẹ́pù sí ni wọ́n máa ń lá lálàá rẹ̀.

Kí n tó dé ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀, ohun kan kù ní Ọ̀wọ̀ tí mo rò pé a ń fi ṣòfò. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1951. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Michael Adékúnlé Ajáṣin, olùkọ́ tó di gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 1979. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó sọ ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ di dókítà àti lọ́yà ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọwọ́ ẹgbẹ́ yẹn ló ti wá. Ọmọ ilé ìwé tó bá ń gbé bọ́ọ̀sì lọ sí àfonífojì àti òkè, kí ló dé tí wọn kì í dá a dúró sí Ọ̀wọ̀ kí wọ́n sọ fún un pé níbí yìí ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ tó sanwó ilé ìwé fún ìyá rẹ̀ àgbà?

Ọ̀sẹ́ yàtọ̀. Ìfọ́n ni olú ìjọba ìbílẹ̀ náà, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Benin. Ìlú kéékèèké ló pọ̀ jù: Ìdó-Àní, Ìmẹ̀rí, Àfọ̀, Òkèlúsẹ̀, Ùté. Èdè ibẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu. Ní Ìdó-Àní, àwọn kan wà tó ń sọ Ìyàyù, èdè tó bá Ẹ̀dó tan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bí Ifẹ̀ àti Benin ṣe pàdé lè fi etí gbọ́ lójà níbẹ̀ ohun tí Ìgbó Laja fi amọ̀ sọ. Igbó ọba tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko wà ní Ìfọ́n, odò Ọ̀sẹ́ ń ṣàn, iṣu àti kòkó kún ilẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé pélébé ìrìn-àjò afẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ọ̀nà ni kò jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ní agbègbè Ẹlẹ́gbẹ̀ka, àwọn agbébọn yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùṣì, lójú ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀ wálé. Bí ọba kò bá lè dé ilé rẹ̀, ta ni màá ní kí ó lọ wo ẹranko nínú igbó? Àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ti wà láti ọdún 2020 kan náà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ tèmi ni pé kí ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ má ṣe dá lọ sí ìgbèríko Ọ̀sẹ́ fún ìgbafẹ́ báyìí. Bí ọ̀rẹ́ ọmọ ibẹ̀ bá mú un lọ ní ojúmọmọ, tó sì mú un padà kí oòrùn tó wọ̀, ìyẹn ṣì dára. Ẹni tó bá ń polówó igbó Ìfọ́n fún àwọn ará Èkó lónìí láìsọ èyí fún wọn kò fẹ́ wọn ire.

Etí òkun ńkọ́? Ọ̀wọ̀ jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kan náà ni. Ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó ní etí òkun gígùn gbọọrọ, Àràrómí sì ni orúkọ tí àwọn tó fẹ́ wẹ̀ máa ń dá. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ayétòrò, ìlú tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, tí gbogbo ará ibẹ̀ ti ń pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń jẹ nínú àpò kan, òkun ń jẹ ẹ́ láti ọdún dé ọdún. Ilé lọ, ilé ìwé lọ, ibi òkú lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ dí òkun kí ilé àwọn èèyàn náà má bàa tún lọ. Lẹ́yìn náà la ó tó máa sọ̀rọ̀ àga ìgbafẹ́ lórí iyanrìn.

Ẹni tó fẹ́ mọ bí ìlú etí òkun tó kún fún ìtàn ṣe ń gba àlejò ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò níláti ré òkun kọjá. Kó wo Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1995 dúró lórí iyanrìn, ọ̀nà tí wọ́n fi kó ẹrú lọ láti inú ìlú sì ṣeé fẹsẹ̀ rìn, ère kọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀. Nínú oṣù Kìíní, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń ṣọdún wọn ní gbangba, ìjọba wọn sì fi í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Àgbádárìgì tiwa ní ilé alájà àkọ́kọ́ tó ti wà láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn afinimọ̀nà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn máa ń sáré jù. Òkè Ìdànrè, ní ìsàlẹ̀ Àkúrẹ́, ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé láti ọdún 2007. Ìdànrè ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba àjèjì: ẹ ó sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó gun òkè, ẹ ó bá ìlú àtijọ́ lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín pé ta lẹ wá kí.

Ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn tó ń fi Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ fún Ọ̀wọ̀ kì í rí. Àwọn èèyàn ti sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Ìdànrè. Ààfin tó wà lókè ti di ibi tí à ń wò. Ọba ń gbé Aghọ̀fẹn. Ìdájọ́ ń lọ níbẹ̀, ìbọ ń lọ níbẹ̀, olorì ń se ọbẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbàlá kan wà tí ẹsẹ̀ àjèjì kò gbọ́dọ̀ dé láé, kò sì sí owó tó yẹ kó yí ìyẹn padà. Torí náà kì í ṣe pé kí wọ́n ṣí ààfin sílẹ̀ gbayawu. Kí ààfin fúnra rẹ̀ pinnu ibi tí àlejò lè dé àti ọjọ́ tó lè dé ibẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kí ó sì sọ ẹni tí owó ìwọlé yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń fa ìjà: ṣé ààfin ni, ṣé ìjọba ìbílẹ̀ ni, ṣé àjọ mùsíọ́ọ̀mù ni? Títí wọ́n á fi jókòó sọ ọ́, olúkúlùkù á máa dúró de ẹnì kejì.

Fún ẹni tó fẹ́ lọ láìdúró de ìpàdé yẹn, ó ṣeé ṣe. Kó kúrò ní Èkó tàbí Ìbàdàn ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kó lè wọ Ọ̀wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti Àkúrẹ́, nǹkan bí kìlómítà 50 ló kù. Kó wá ọmọ Ọ̀wọ̀ kan kó tó gbéra, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́, torí nọ́ńbà fóònù kan ní ààfin ju ìwé ìròyìn mẹ́wàá lọ. Kó pe mùsíọ́ọ̀mù tàbí kó rán ẹnì kan síbẹ̀ láti mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣí. Òwúrọ̀ Sátidé fún ààfin, ọ̀sán fún ọjà ọba àti iyán. Iṣu Ọ̀wọ̀ kò nílò ìpolówó lọ́dọ̀ mi. Ìrọ̀lẹ́ fún mùsíọ́ọ̀mù bí ó bá ṣí sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Ìdànrè kò jìnnà sí ọ̀nà ilé fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣì le.

Bí ó bá jẹ́ Ìgogo ló fẹ́ wò, kó béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ààfin láti oṣù Keje, torí ààfin ló ń ka ọjọ́ náà. Ká ní ààfin lè kéde rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú, ará London tó ń gba ìsinmi níbi iṣẹ́ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì báàlù kó tó wọ́n. Kó sì kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé gèlè kò wọ àpótí lọ́tẹ̀ yìí. Fìlà tirẹ̀ náà, kó fi sílé.